Ẹni Iwájú Jìn sí Kòtò: Ìtàn Àwọn Gíláídà Tí Ó Balẹ̀ Níbi Tí Kì í Ṣe Pápákọ̀

Ẹ̀yin òǹwòran, Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láì fara kan ara wọn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í sùn sí ojú ọ̀run. Bí ó ti wù kí ó fò pẹ́ tó, yóò wá igi tàbí ilẹ̀ bà lé, ibẹ̀ gan-an ni ọdẹ òun pàkúté sì ti ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní gíláídà. Ewu wà fún un lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni àdánwò rẹ̀ pọ̀ sí, pàápàá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe dè é.

Ìtàn tí ètò yìí dá lé ni ìtàn àwọn gíláídà tí ó balẹ̀ sí oko, sí ọ̀dàn àti sí àárín igbó, níbi tí kò sí pápákọ̀ òfúrufú. Bí jàm̀bá ti ṣe bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àti ọgbọ́n tí àwọn tí ó kù rí kọ́. Èyí tí ó gba àlàyé jù nínú wọn ni ti òru ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1944 ní ilẹ̀ Bọ́mà, nítorí pé ọ̀ràn náà kan àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà.

Ohun tí gíláídà jẹ́

Gíláídà ní apá, ó ní ìrù, ó ní ibi ìjókòó awakọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ńjìnnì tí yóò máa fà á lọ. Ọkọ̀ òfúrufú mìíràn ni í fi okùn fà á gòkè, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń ká okùn gbé e dìde láti ilẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ bá ti tú okùn yìí, sísọ̀kalẹ̀ ni ó kù. Bí ó bá rí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń ti ilẹ̀ gòkè, ó lè máa yípo nínú rẹ̀ bí àṣá ti ń ṣe lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì tún ga sí i. Bí kò bá rí i, ilẹ̀ ni ó ń lọ nìyẹn.

Ìyàtọ̀ pàtàkì tí ó wà láàárín òun àti bàálù tí ó ní ẹ́ńjìnnì nìyí: bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ sì rí màlúù lójú ọ̀nà, yóò fún ẹ́ńjìnnì ní agbára, yóò gòkè, yóò yípo, yóò sì tún padà wá. Gíláídà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń balẹ̀.

Láti orí òkè dé oko olóko

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ oko olóko kò sí nínú rẹ̀ rárá. Otto Lilienthal, ará Jámánì, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 1891, orí òkè ni ó ti ń gbéra, ìsàlẹ̀ òkè kan náà ni ó sì ń balẹ̀ sí. Ní 1894, ó tilẹ̀ mọ òkìtì ńlá kan sí Lichterfelde lẹ́bàá Berlin nítorí iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ tí ó ń bà lé kò ṣàjèjì sí i. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àgbàlá ilé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó dà á, kì í ṣe ilẹ̀: ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1896, ó já bọ́ ní òkè Gollenberg, ó sì kú ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àdéhùn Versailles ti 1919 ká àwọn ará Jámánì lọ́wọ́ kò nípa ọkọ̀ òfúrufú tí ó ní ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọ̀dọ́ wọn bá gba orí òkè Wasserkuppe lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje gíláídà níbẹ̀ ní 1920. Fún ọdún díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè náà ni wọ́n ń rìn mọ́. Ní 1926, ìjì òjò gbé Max Kegel wọ inú ìkúùkuu lọ, ibi tí ó sì balẹ̀ sí jìnnà tó nǹkan bí 55 kìlómítà sí ibi tí ó ti gbéra. Ní 1929, Robert Kronfeld fi gíláídà rin ìrìn tí ó ju 100 kìlómítà lọ. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ òkè kò ti jẹ́ òpin ìrìn mọ́. Ẹni tí ó bá fò lọ síwájú, tí afẹ́fẹ́ sì já kulẹ̀, oko ẹlòmíràn ni yóò balẹ̀ sí. Báyìí ni bíbalẹ̀ sí ìta pápákọ̀ ṣe di apá kan iṣẹ́ náà.

Ogun ni ó wá sọ ohun tí ó jẹ́ eré di ọ̀ràn ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Gíláídà kì í pariwo. Ó lè gbé sójà tí ó ju mẹ́wàá lọ sọ̀ kalẹ̀ lójú kan náà pẹ̀lú ìbọn àti ẹrù wọn. Kò sì dúró de pápákọ̀. Àwọn Jámánì lò ó ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1940 láti gba odi Eben-Emael ní ilẹ̀ Belgium. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Amẹ́ríkà náà wá tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù keje 1943, wọ́n rán gíláídà tí ó lé ní 140 lọ sí erékùṣù Sicily ní Ítálì. Afẹ́fẹ́ le, àwọn bàálù tí ń fà wọ́n sì tú ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ níbi tí ó jìnnà jù sí èbúté. Èyí tí ó lé ní 60 já sínú òkun, àwọn sójà tí ó sì bómi lọ lé ní 200. Nínú àwọn tí ó dé orí ilẹ̀, àwọn kan fi orí sọ ògiri òkúta tí àwọn àgbẹ̀ mọ yí oko wọn ká.

Òru ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1944

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn èyí ni ti Bọ́mà. Orúkọ ilẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní bàbá tàbí bàbá àgbà tí ó jagun níbẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù ti gba ilẹ̀ náà ní 1942. Ní 1943, Orde Wingate, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, kó nǹkan bí 3,000 sójà, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wọ ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kò padà wálé. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ní láti fi àwọn tí ó gbọgbẹ́ sílẹ̀ nínú igbó, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi gbé wọn.

Nígbà tí Wingate fẹ́ padà lọ, ó pinnu pé òfúrufú ni àwọn ọmọ ogun òun yóò gbà wọlé, òfúrufú náà ni wọn yóò sì gbà gbé aláìsàn jáde. Ṣùgbọ́n bàálù Dakota kò lè balẹ̀ sínú igbó. Nítorí náà, gíláídà ni yóò kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú àwọn sójà tí yóò ṣọ́ ibẹ̀ àti katapílà tí yóò tẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti tẹ́ tán, Dakota yóò máa kó ìyókù bọ̀.

Wọ́n fojú sun ọ̀dàn méjì láàárín igbó. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Piccadilly, wọ́n sọ èkejì ní Broadway. Fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè ni wọ́n gbójú lé jù. Wingate sì ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fò kọjá lórí ilẹ̀ náà mọ́, kí àwọn ọ̀tá má baà fura. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1944, nígbà tí àwọn gíláídà ti tò ní pápá Lalaghat ní Assam, ilẹ̀ Íńdíà, fọ́tò tuntun dé. Philip Cochran, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá awakọ̀ Amẹ́ríkà, ni ó rán ènìyàn lọ yà á láìka àṣẹ náà sí. Fọ́tò náà fi hàn pé ìtì igi ti kún Piccadilly. Broadway ní tirẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ọkàn gbogbo wọn dàrú. Ṣé àwọn ọ̀tá ti gbọ́ ni? Ọ̀gágun William Slim, Wingate, àti Michael Calvert tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ, forí korí. Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí gbogbo gíláídà kọrí sí Broadway. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni ó hàn pé kì í ṣe ọ̀tá ni ó to igi sí Piccadilly: àwọn agégẹdú ilẹ̀ Bọ́mà ni ó sá igi tíìkì wọn síbẹ̀ kí ó lè gbẹ.

Dakota kọ̀ọ̀kan fi okùn fa gíláídà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Irú gíláídà tí wọ́n ń pè ní Waco ni wọ́n lò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́, pákó àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, awakọ̀ 2 àti sójà 13 ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹrù tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ti pọ̀ jù, nítorí pé sójà tí ó ń lọ sẹ́yìn ọ̀tá kì í fẹ́ kí ọta ìbọn àti oúnjẹ tán lọ́wọ́ òun. Wọ́n ń dọ́gbọ́n fi kún un. Nígbà tí wọ́n ń gun àwọn òkè tí ó wà láàárín Íńdíà àti Bọ́mà kọjá, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kò sí pápákọ̀ kankan nítòsí gíláídà tí okùn rẹ̀ bá já; ibi tí òkùnkùn bá gbé e dé náà ni yóò balẹ̀ sí. Àwọn kan já sí ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn mìíràn já sí àárín àwọn ọ̀tá. Nínú àwọn tí ó yè, àwọn kan fi ẹsẹ̀ rìn jáde, ọwọ́ ọ̀tá sì tẹ àwọn kan. Gíláídà tí ó gbéra ní òru náà lé ní 60. Àwọn tí ó dé Broadway fi díẹ̀ ju 30 lọ.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé rí ọ̀dàn náà nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Ó tẹ́, koríko bò ó, kò sí ìtì igi kan níbẹ̀. Wọ́n tú okùn, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí fọ́tò kò lè fi hàn wọ́n wà lábẹ́ koríko. Ó ti pẹ́ tí àwọn agégẹdú ti ń fi erin wọ́ igi tíìkì gba ọ̀dàn náà kọjá. Lásìkò òjò tí ilẹ̀ rọ̀, àwọn ìtì igi yìí gbẹ́ poro jíjìn sí ilẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, poro náà le bí òkúta, koríko sì bò ó mọ́lẹ̀. Táyà gíláídà kó sínú poro, ẹsẹ̀ rẹ̀ ya kúrò lára rẹ̀, ó fi ikùn wọ́ nílẹ̀, ó sì dúró gbọn-in gbọn-in láàárín ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá balẹ̀ sí.

Yorùbá ní ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní Broadway, ará ẹ̀yìn kò ráyè kọ́gbọ́n. Ó ti tú okùn, kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá tilẹ̀ rí àfọ́kù tí ó dínà dè é, kò sí bí ó ṣe lè padà sókè. Àwọn sójà tí wọ́n ń sáré wọ́ àfọ́kù kúrò lójú ọ̀nà gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ lókè orí wọn, wọ́n sì mọ̀ pé òmíràn ti dé. Àwọn kan kọlu gíláídà tí ó ti fọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ré kọjá òpin ọ̀dàn, wọ́n sì wọ inú igi lọ. John Alison, igbákejì Cochran, tí òun fúnra rẹ̀ wa gíláídà kan wá, àti àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń ṣí àtùpà tí ń júwe ọ̀nà nípò, kí àwọn tí ń bọ̀ lè gba apá ibi tí kò tíì dí. Ìyẹn nìkan ni ọgbọ́n tí ó ṣeé kọ́ ará ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí méjì ni wọ́n ti fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ òru náà. Bí nǹkan bá dára, wọn yóò fi "Pork Sausage" ránṣẹ́, ìyẹn ni sọ́séèjì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gidi ṣe. Bí nǹkan bá bàjẹ́, "Soya Link" ni, ìyẹn ni àfarawé rẹ̀ tí wọ́n fi sóyà ṣe, tí àwọn sójà kò fẹ́ rí sójú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ burúkú ni Calvert fi ránṣẹ́. Wọ́n pe àwọn tí ó ṣì wà lójú òfúrufú padà, wọ́n sì dá àwọn tí kò tíì gbéra dúró. Àwọn tí ó wà ní Lalaghat bẹ̀rù pé ọ̀tá ni ó ká wọn mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀tá tí ó yìnbọn lu ẹnikẹ́ni ní Broadway ní òru náà. Àwọn tí ó kú síbẹ̀ lé ní 20. Ilẹ̀ ni ó pa wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó hàn pé nǹkan kò bàjẹ́ tó bí òkùnkùn ti fi hàn. Àwọn tí kò farapa lé ní 400. Calvert wá fi ọ̀rọ̀ rere ránṣẹ́. Casey, ọ̀gá àwọn tí yóò tẹ́ pápá, ti kú nínú gíláídà tí ó gbé e wá. Brackett, tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà ṣe. Katapílà kékeré kan tí kò bàjẹ́ àti ọwọ́ àwọn sójà ni wọ́n fi dí poro. Kí òkùnkùn tó kùn, pápá ti wà. Ní òru ọjọ́ 6, Dakota tí ó lé ní 60 balẹ̀ síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 9,000 sójà, pẹ̀lú ìbaaka àti ẹṣin tí ó lé ní 1,000, ti gba Broadway àti pápá kejì tí wọ́n ń pè ní Chowringhee wọ ẹ̀yìn ọ̀tá.

Ìgbà náà ni ọ̀nà ṣí fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹta ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n kó jọ láti inú bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nigeria Regiment, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ìparí oṣù kẹta náà. Pápá Aberdeen ni bàálù gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ, níbi tí àwọn gíláídà ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tí ó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dé. Nígbà tí ti àwọn ọmọ Nàìjíríà kàn, ilẹ̀ ti tẹ́. Pápákọ̀ tí ènìyàn ń balẹ̀ sí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ balẹ̀ sí i nígbà tí kò tíì di pápákọ̀.

Kí ni ó fa jàm̀bá náà?

Ẹrù tí ó pọ̀ jù kó ipa tirẹ̀. Fífa gíláídà méjì lẹ́ẹ̀kan náà kó ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀ràn náà wà nínú òwe kan tí ó sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agégẹdú ni ó wà ní ọ̀dàn méjèèjì. Èyí tí ó hàn ní Piccadilly, wọ́n sá fún un. Èyí tí kò hàn ní Broadway ni ó ṣe wọ́n ní jàm̀bá. Fọ́tò kan náà tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ewu kan ni ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ lórí ewu kejì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti da erin gba ọ̀dàn náà kọjá ìbá ti sọ fún wọn ohun tí ó wà lábẹ́ koríko.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ń gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò ṣọ́ra, kí ó má fi ọgbọ́n ọ̀la dá ará àná lẹ́bi. Ogun ni. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó lè tú àṣírí ìrìn rẹ̀, kí ọ̀tá sì to ìbọn dè é. Wọ́n yan àìmọ̀ nítorí kí ọ̀tá má baà mọ̀, iye owó tí àìmọ̀ náà sì ná wọn ni ẹ̀mí àwọn tí ó sùn sí Broadway.

Ẹ̀kọ́ tí ó kù sílẹ̀

Lẹ́yìn ogun, gíláídà padà di ohun eré ìdárayá. Ní 1972, Hans-Werner Grosse fi ọ̀kan fò láti Lübeck ní Jámánì dé Biarritz ní ilẹ̀ Faransé, ìrìn 1,460 kìlómítà. Síbẹ̀, oko olóko ṣì ni ibi ìsádi ẹni tí afẹ́fẹ́ bá já kulẹ̀, ohun tí ó sì ń fa jàm̀bá níbẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àtijọ́: poro àti kòtò tí koríko bò, ohun ọ̀gbìn gíga tí í di apá ọkọ̀ mú, tí í sì yí i bírí, ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣùgbọ́n tí ó dà bí ẹni pé ó tẹ́, wáyà tí ojú kò lè tètè rí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé òpó ni kí ó máa wá, nítorí pé ibi tí òpó bá wà, wáyà wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ pé bí ilẹ̀ bá dà, kí ó kọjú sí òkè rẹ̀ balẹ̀, kí ó má kọjú sí ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó ju gbogbo wọn lọ, ti àkókò ni. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òkè ni awakọ̀ gíláídà sì ti ń yan ilẹ̀. Kí gíga rẹ̀ tó dín kù sí nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó yẹ kí ó ti mọ oko tí yóò balẹ̀ sí. Ẹni tí kò fẹ́ gbà pé ilé kò ní ṣeé dé mọ́, tí ó ń fa ìrìn náà gùn torí ìtìjú, yóò bá ara rẹ̀ lórí igi pẹ̀lú gíga tí kò tó nǹkan. Nígbà náà ni yóò máa wá ilẹ̀ pẹ̀lú ìpayà. Yóò yí ọkọ̀ lójijì nígbà tí eré rẹ̀ ti dín kù, ọkọ̀ yóò sì fi apá kan rì. Kódà àwọn gíláídà òde òní tí ó ní ẹ́ńjìnnì kékeré kò bọ́ nínú èyí, nítorí pé ẹ́ńjìnnì lè kọ̀ láti jí. Ẹni tí ó gbójú lé e láìkọ́kọ́ wá oko sílẹ̀, ó ti fi ara rẹ̀ sí ipò àwọn ará ẹ̀yìn ní Broadway: ó ti tú okùn, ilẹ̀ tí kò mọ̀ sì ń bọ̀.

Ẹ̀yin òǹwòran, ojú ọ̀run gba gbogbo ẹyẹ lóòótọ́. Ilẹ̀ ni kò gba gbogbo wọn bákan náà. Bí ẹni iwájú bá jìn sí kòtò, kò sí ọgbọ́n níbẹ̀ fún ará ẹ̀yìn àfi bí ìròyìn bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òun náà tó tú okùn. Iṣẹ́ tí ìtàn wà fún nìyẹn.